Owó Oṣù Dínkù Láàárín Chapter 13: Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Gbà?

Chapter 13 ni apá òfin Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ kí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn máa san án díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àbójútó kọ́ọ̀tù, ètò ìsanwó rẹ̀ sì máa ń gba ọdún 3 sí 5. Láàárín ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ jẹun. Iléeṣẹ́ lè dá èèyàn dúró. Àìsàn lè dá a dùbúlẹ̀. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ń fúnni ní ófátáìmù tẹ́lẹ̀ lè sọ lójijì pé wákàtí 32 péré ló kù lọ́sẹ̀. Síbẹ̀, iye tí adájọ́ fọwọ́ sí kò ní tìtorí ìyẹn yí padà fúnra rẹ̀. Bó ṣe wà lánàá náà ló wà lónìí, trustee, ìyẹn ẹni tí wọ́n yàn láti máa gba owó náà kó sì pín in fún àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè, sì ń retí rẹ̀.

Ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ kò pọ̀. Ẹ lè tọrọ ìsinmi oṣù díẹ̀, ẹ lè tún ètò náà ṣe, ẹ lè bẹ kọ́ọ̀tù fún hardship discharge (kí wọ́n pa gbèsè tó kù rẹ́ nítorí ìnira), ẹ lè sọ ẹjọ́ náà di Chapter 7 (níbi tí wọ́n ti lè ta ohun ìní yín láti fi san gbèsè, kí wọ́n sì pa èyí tó kù rẹ́), ẹ sì lè yọwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá. Ọ̀kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà láìmọ̀ pé a ti yàn án: ká dákẹ́, ká máa wò ó níran.

Kò sí èyí tó dáa fún gbogbo èèyàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí tirẹ̀ bọ́ sí i ní Houston tì yín sí ohun tó máa gba ilé lọ́wọ́ yín ní Maryland. Nǹkan méjì ló ń pinnu. Àkọ́kọ́, ṣé owó náà máa padà, ìgbà wo ló sì máa padà? Èkejì, kí gan-an lẹ ń dì mú: ilé, ọkọ̀, ẹni tó ṣe onídùúró fún yín, àbí ilẹ̀ tí ẹ rà sí Ìkòròdú? Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Mo kọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi lọ́yà yín.

Ibi tí $1,000 ń gbà lọ

Ẹ jẹ́ ká fi iye owó sí i, nítorí láìsí iye, ọ̀rọ̀ yìí kò ní yé ẹnikẹ́ni. Ká mú obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó. Oṣù 60 ni ètò rẹ̀, ó ti san oṣù 22, $1,000 ló sì ń san lóṣooṣù. Nínú owó yìí, $250 ń lọ sí àjẹsílẹ̀ owó ilé tó ti wà nílẹ̀ kó tó gba kọ́ọ̀tù lọ. $330 ń lọ sí ọkọ̀. $100 ń lọ sí owó orí tó jẹ IRS. Trustee ń mú $100 fún iṣẹ́ rẹ̀, torí òfin gbà kí tirẹ̀ tó 10 nínú ọgọ́rùn-ún. $220 tó kù ni wọ́n ń pín fún àwọn credit card àti owó ilé ìwòsàn, ìyẹn àwọn gbèsè tí kò ní ohun ìdógò.

Bí owó oṣù obìnrin yìí bá dínkù, $220 yẹn nìkan ló rọrùn láti fọwọ́ kàn. Owó orí tí òfin fi sípò iwájú gbọ́dọ̀ pé kí ètò tó parí. Àjẹsílẹ̀ owó ilé gbọ́dọ̀ pé bí ó bá fẹ́ dá ilé náà dúró. Owó ọkọ̀ gbọ́dọ̀ pé bí ó bá ṣì fẹ́ máa wa ọkọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: $250, $330 àti $100 jẹ́ $680. Tí a bá fi ti trustee kún un, ó di bíi $755. Ibi tí owó rẹ̀ lè balẹ̀ dé nìyẹn láì fi ilé tàbí ọkọ̀ sílẹ̀. Bí $500 ló lè san, àtúnṣe lásán kò ní gbà á, àfi kí nǹkan kan lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn wá ìwé ètò rẹ̀ jáde kó tó pe ẹnikẹ́ni. Ibi tí owó yín ń gbà lọ ló máa sọ ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ fún yín, kì í ṣe iye tí ẹ ń san.

Ìsinmi àti àtúnṣe

Àwọn méjèèjì jọra lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ìsinmi wà fún ẹni tó mọ ìgbà tí owó máa padà: obìnrin tó bímọ, ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí dókítà sì ti dá ọjọ́ fún, ẹni tí iṣẹ́ tuntun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kọ́ọ̀tù kan lè jẹ́ kí ẹ fo oṣù kan, òmíràn lè gbà tó mẹ́ta. Bí kọ́ọ̀tù àgbègbè yín ṣe ń ṣe é ni lọ́yà yín máa mọ̀.

Ohun tí wọn kì í sábà ṣàlàyé ni pé owó tí ẹ fò kò lọ síbì kankan. Ètò kò gbọ́dọ̀ kọjá ọdún 5 láti ọjọ́ tí owó àkọ́kọ́ ti yẹ kó wọlé. Obìnrin wa tó ti wà lórí oṣù 60 tẹ́lẹ̀ kò ní ibi tó máa na ètò rẹ̀ sí. Bí ó bá fo oṣù mẹ́ta nínú 38 tó kù, $38,000 náà máa wọ inú oṣù 35, ó sì di bíi $1,086 lóṣù. Ẹni tí $1,000 ti ń ṣòro fún, ṣé $1,086 ló máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn? Fún ẹni tí ètò tirẹ̀ jẹ́ oṣù 36, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, torí ààyè ṣì wà láti nà án dé 60.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé wọ́n fún òun ní ọdún 7. Kò purọ́. Òfin tí wọ́n ṣe ní March 2020 nítorí kòrónà ló fàyè gba ìyẹn, ó sì ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní March 2022.

Àtúnṣe ló yẹ ẹni tí owó rẹ̀ kò ní padà sí bó ṣe wà, tàbí tí kò mọ ìgbà tó máa padà. Ìgbàkigbà tí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí ètò, títí di ìgbà tí ẹ máa san owó tó kẹ́yìn, òfin gbà yín láàyè láti bèèrè rẹ̀. Lọ́yà yín máa kọ ètò tuntun, ẹ máa kọ owó tó ń wọlé sórí fọ́ọ̀mù Schedule I tuntun, ẹ máa kọ ìnáwó sórí Schedule J, wọ́n sì máa fún trustee àti àwọn olówó yín (àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè) ní ọjọ́ 21 láti takò ó. Ẹ máa san ohun tí agbára yín bá ká ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹni tó ń san $600 nínú $1,000 ní ohun tó máa sọ níwájú adájọ́ ju ẹni tí kò san kọ́bọ̀ lọ.

Trustee máa wo Schedule J náà dáadáa, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti sábà ń kan àwa. Òfin ọdún 1998 gbà kí èèyàn ṣì máa dá ìdámẹ́wàá tàbí ṣàánú ní mọ́ṣáláṣí, bí kò bá ti ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lọ́dún lọ, àmọ́ wọ́n lè ní kí ẹ mú ìwé wá. Owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí Màmá náà ní ààyè tirẹ̀, torí òfin mọ òbí tó ti dàgbà tàbí tó ń ṣàìsàn tí kò lè dá bùkátà ara rẹ̀ gbọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ fi ránṣẹ́. “Mo ń fi owó ránṣẹ́ sílé” nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Bí ẹ bá sì wà nínú àjọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, yálà ẹ ti kó tàbí ẹ kò tíì kó. Ẹ má gbé àjọ ṣíwájú láti fi san owó trustee láìbi lọ́yà, torí gbèsè tuntun nìyẹn, gbèsè tuntun láàárín Chapter 13 sì máa ń fẹ́ ìyọ̀ǹda.

Ti ọkọ̀ ńkọ́? Bí obìnrin wa bá fi ọkọ̀ sílẹ̀, owó rẹ̀ lè balẹ̀ dé bíi $390. Àmọ́ kì í ṣe ibi gbogbo ni ẹ ti lè dá ọkọ̀ padà láàárín ètò kí ẹ sì sọ ohun tó kù lórí rẹ̀ di gbèsè lásán. Ní Michigan, Ohio, Kentucky àti Tennessee, ẹjọ́ Chrysler Financial àti Nolan tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá lọ́dún 2000 kò gba ìyẹn láàyè. Àwọn kọ́ọ̀tù kan níbòmíràn gbà á. Ẹ bèèrè kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀.

Ilẹ̀ tó wà nílé

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn lórí Chapter 13 kò ronú kan ẹni tó ní ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin sọ pé ohun ìní èèyàn jẹ́ ti ẹjọ́ náà níbikíbi tó bá wà, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wà. Ilẹ̀ Ìkòròdú wà nínú rẹ̀. Ìpín yín nínú ilẹ̀ ẹbí wà nínú rẹ̀. Èyí tí àbúrò ń bá yín mójú tó, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé, wà nínú rẹ̀ bí owó yín bá ni ẹ fi rà á.

Ìwọ̀n kan wà tí kọ́ọ̀tù ń lò: àwọn olówó yín kò gbọ́dọ̀ rí ohun tó kéré sí èyí tí wọn ì bá rí bí wọ́n bá ta gbogbo ohun ìní yín lábẹ́ Chapter 7. Ká sọ pé obìnrin wa ní ilẹ̀ tó máa jẹ́ $12,000 lẹ́yìn ìnáwó títà á àti owó orí tó jẹ IRS, tí kò sì sí exemption (ààbò òfin tí kì í jẹ́ kí wọ́n ta ohun ìní) kankan tó bò ó. Ó di dandan kí àwọn credit card rí bíi $12,000 láàárín ètò náà. $220 lóṣù fún oṣù 22 ti jẹ́ $4,840, torí náà $7,160 ló kù, ìyẹn bíi $188 lóṣù fún oṣù 38. Ẹ padà sí ìṣirò wa. Àtúnṣe tó yẹ kó sọ $1,000 di $755 ti di bíi $965. Kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Nígbà náà, ó lè jẹ́ pé kí ó ta ilẹ̀ náà, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda kọ́ọ̀tù, ló máa dín owó oṣooṣù kù ju lẹ́tà èyíkéyìí tí lọ́yà lè kọ lọ.

Òfin Texas ń dáàbò bo ilé tí èèyàn ń gbé láìwo iye rẹ̀, bí ẹ bá ti ní in pẹ́ tó kí ẹ tó gba kọ́ọ̀tù lọ. Àmọ́ ààbò yẹn kò bo ilẹ̀ tó wà ní Nàìjíríà.

Ogún náà ńkọ́? Lọ́dún 2013, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó ń bójú tó Maryland, Virginia àti Carolina méjèèjì sọ nínú ẹjọ́ Carroll àti Logan pé ogún tó já mọ́ èèyàn lọ́wọ́ láàárín Chapter 13, kódà lẹ́yìn ọdún tó ju mẹ́ta lọ, jẹ́ ti ẹjọ́ náà. Bí bàbá bá kú nílé tí wọ́n sì pín ilé rẹ̀, lọ́yà yín gbọ́dọ̀ gbọ́. Kí ẹ fi ohun ìní pamọ́ fún kọ́ọ̀tù jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tó lè fa ẹ̀wọ̀n ọdún 5, kò sì sí gbèsè credit card tó tó ìyẹn.

Hardship discharge tàbí Chapter 7?

Orúkọ hardship discharge dùn mọ́ni létí, àwọn èèyàn sì máa ń rò pé gbogbo ẹni tí nǹkan le fún ló wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan mẹ́ta gbọ́dọ̀ pé. Ohun tó dá ìsanwó dúró gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò sẹ́ni tó lè dá yín lẹ́bi fún. Àwọn olówó tí kò ní ohun ìdógò gbọ́dọ̀ ti gba ohun tí wọn ì bá gbà ní Chapter 7. Àtúnṣe ètò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́. Àìsàn tàbí ìpalára tí kò jẹ́ kí èèyàn lè ṣiṣẹ́ mọ́ ni àpẹẹrẹ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù. Iṣẹ́ tó bọ́ lásán kì í sábà tó, torí wọ́n máa ní ẹ lè rí òmíràn.

Ẹ tún wo ilẹ̀ yẹn. Bí obìnrin wa bá ṣubú láìsàn lẹ́yìn oṣù 22, tí $220 sì ti ń wọlé fún àwọn olówó láti ìbẹ̀rẹ̀, $4,840 ni wọ́n ti gbà. Kò tíì sún mọ́ $12,000, nítorí náà kò ní rí hardship discharge gbà, bó ti wù kí àìsàn náà le tó. Ẹni tí kò ní nǹkan kan tó ṣeé tà, ó ṣeé ṣe kí ó ti kọjá ìdíwọ̀n yẹn láti oṣù àkọ́kọ́.

Chapter 7 kò ní irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀tọ́ yín ni láti sọ Chapter 13 di Chapter 7, $25 sì ni owó kọ́ọ̀tù fún un. Ẹni tó ti gba discharge Chapter 7 nínú ẹjọ́ tó gbé wá láàárín ọdún 8 ṣáájú èyí kò ní rí òmíràn gbà, ẹ rántí ìyẹn. Mo rò pé òun ló dáa jù fún ẹni tí kò ní àjẹsílẹ̀ owó ilé, tàbí tó ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ilé náà ti lọ. Owó tí ẹ ti ṣiṣẹ́ fún láti ọjọ́ tí ẹ gbé ẹjọ́ wá jẹ́ tiyín, bí ẹ bá ń ṣe é pẹ̀lú òtítọ́ inú. Ogún tó wọlé lẹ́yìn ọjọ́ 180 kì í sábà tẹ̀ lé yín lọ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn kedere lọ́dún 2015, nínú ẹjọ́ Harris àti Viegelahn tó wá láti Texas. Ọkùnrin náà ti pàdánù ilé rẹ̀, àmọ́ wọ́n ṣì ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ fún trustee. Nígbà tó yí sí Chapter 7, owó tó ju $4,000 lọ ṣì wà lọ́wọ́ trustee, ó sì pín in fún àwọn olówó. Gbogbo adájọ́ náà fẹnu kò pé owó ọkùnrin náà ni, kí wọ́n dá a padà fún un. Tí ẹ bá yí sí Chapter 7, ẹ bèèrè iye tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́ trustee.

Ohun tí Chapter 7 ń gbà lọ́wọ́ wa jù ni ààbò onídùúró. Chapter 13 ò jẹ́ kí olówó kan ẹ̀gbọ́n tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì tó fọwọ́ sí ìwé ọkọ̀ yín. Ọjọ́ tí ẹ bá ti yí ẹjọ́ náà, ààbò yẹn parí. Kí fóònù ẹni yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ẹnu yín ló ti yẹ kó ti gbọ́.

| Ọ̀nà | Ilé tó ní àjẹsílẹ̀ | Onídùúró | Ilẹ̀ nílé |
|---|---|---|---|
| Ìsinmi | Ààbò wà | Ààbò wà | Kò yí padà |
| Àtúnṣe | Ààbò wà bí àjẹsílẹ̀ bá ṣì ń wọlé | Olówó lè gbàyè láti bá a fún iye tí ètò kò ní san | Iye rẹ̀ ló ń sọ ibi tí owó lè balẹ̀ dé |
| Hardship discharge | Àjẹsílẹ̀ tó kù ṣì wà lórí ilé | Parí nígbà tí wọ́n bá pa fáìlì dé | Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ ọwọ́ àwọn olówó |
| Chapter 7 | Báǹkì lè gbẹ́sẹ̀ lé e | Parí lójú ẹsẹ̀ | Trustee lè tà á |
| Yíyọwọ́ | Báǹkì lè gbẹ́sẹ̀ lé e | Parí lójú ẹsẹ̀ | Trustee kò ní agbára lórí rẹ̀ mọ́ |

Nínú hardship discharge àti Chapter 7, owó ìtọ́jú ọmọ, owó orí tí kò tíì pẹ́ àti owó tí ẹ yá lọ sí yunifásítì máa ṣẹ́kù sí yín lọ́rùn.

Yíyọwọ́ àti dídákẹ́

Bí ẹjọ́ yín kò bá tíì yí láti Chapter kan sí òmíràn rí, ẹ lè ní kí kọ́ọ̀tù tú u ká. Gbogbo gbèsè tí ẹ kò tíì san tán ló máa padà, èlé rẹ̀ náà á sì padà. Ó wúlò fún ẹni tó ti rí ọ̀nà míì, bí àpẹẹrẹ ẹni tó fẹ́ ta ilé fúnra rẹ̀ kó fi san gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń rò ó pé òun á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun ní láti mọ̀ pé bí ẹ bá padà wá láàárín ọdún kan, ọjọ́ 30 péré ni ààbò tuntun lọ́wọ́ àwọn olówó, àfi kí adájọ́ nà án. Bí ẹjọ́ méjì bá ti tú ká láàárín ọdún náà, kò sí ààbò kankan títí ẹ fi máa bèèrè fún un. Bí báǹkì bá sì ti bẹ kọ́ọ̀tù pé kí ó mú ààbò kúrò, tí ẹ wá yọwọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ọjọ́ 180 gbọ́dọ̀ kọjá kí ẹ tó tún lè wá.

Dídákẹ́ máa ń yọrí sí ibì kan náà, pẹ̀lú ìyàtọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ yan ọjọ́. Trustee máa ní kí kọ́ọ̀tù tú ẹjọ́ náà ká, ìwé á wá sílé, wọ́n á sì dá ọjọ́ tí ẹ lè fèsì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀pọ̀ trustee ṣì máa gbà kí ẹ tún ètò ṣe nígbà yẹn, bí lọ́yà yín bá ti gbé e wá kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i.

Ohun tí ẹ máa kó dání

Ẹ̀rí owó oṣù fún oṣù méjì sẹ́yìn, lẹ́tà láti iléeṣẹ́ tàbí dókítà, ìwé owó àìríṣẹ́ṣe bí ìjọba bá ti ń san án, rìsíìtì owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, àti ìwé ètò yín tó wà lọ́wọ́ kọ́ọ̀tù. Ẹ bi lọ́yà bóyá iṣẹ́ àtúnṣe wà nínú owó tí ẹ ti bá a ṣe àdéhùn rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó ọ̀tọ̀; àwọn kọ́ọ̀tù kan gbà kí wọ́n fi í sínú ètò.

Bí ó bá jẹ́ pé iléeṣẹ́ ló ń yọ owó trustee kúrò nínú owó oṣù yín, iṣẹ́ tó bọ́ ti dá ìyẹn náà dúró, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti di iṣẹ́ yín láti máa fi owó ránṣẹ́ sí trustee fúnra yín, títí iléeṣẹ́ tuntun fi máa gba ìwé àṣẹ kọ́ọ̀tù tirẹ̀.